Bí Ara Àga Bá Ń Bó: Ìtàn Pọ́líṣì, Fáníìṣì àti Lákà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò mọ sórí aṣọ nìkan. Bí a bá wọ ilé àwọn òbí wa àgbà ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìbàdàn tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a ó bá àga ìrọ̀gbọ̀kú àti tábìlì tí igi wọn ṣì le koko, ṣùgbọ́n tí ara wọn ti ń bó bí ara ejò tí ó ń bọ́ awọ. Àwọn ọmọ ilé a wò ó, wọn a ní ó ti gbó. Ẹlòmíràn a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé fún òjò, ẹlòmíràn a pe káfíńtà kí ó wá fi bébà ha gbogbo ara rẹ̀ dànù, kí ó sì fi nǹkan tuntun kùn ún. Ọ̀nà méjèèjì ni ó lè ba ohun tí ó ṣeé tún ṣe jẹ́.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí á wo ìtàn ohun tí ń mú ara igi dán. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò jìnnà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, orúkọ kan ṣoṣo ni a ní fún un: pọ́líṣì. A ní, “Pọ́líṣì rẹ̀ ti ń bó.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kéré tán, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan yìí bò mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ti ara kòkòrò wá, ọ̀kan ti ara oje igi wá, ọ̀kan sì ti ilé-iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá. Ìtàn wọn kò dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń bó kò dọ́gba, àtúnṣe wọn kò sì dọ́gba rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà lára àga bàbá rẹ̀ yóò máa fi oògùn ẹsẹ̀ wo orí.

Kí pọ́líṣì tó dé

Kí a tó mọ káfíńtà, a ti mọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn baba wa tí ń gbẹ́ igi kò ní bébà tí a fi ń ha igi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ewé eépín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé ìpín. Ewé yìí rí ṣákiṣàki lọ́wọ́. Òun ni wọ́n fi ń ra ara igi títí yóò fi jọ̀lọ̀, òun náà ni àwọn ìyá wa sì fi ń fọ ìkòkò àti igbá. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Ficus exasperata, ẹni tí ó bá sì ti fọwọ́ kan ewé náà rí yóò mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu.

Lẹ́yìn tí igi bá ti jọ̀lọ̀, ohun tí ń tọ́jú rẹ̀ ni òróró àti ọwọ́ ènìyàn. Ẹ wo ère ìbejì. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi òróró kùn ún, a sì máa gbé e mọ́ra. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú ère náà á máa jọ̀lọ̀ sí i, osùn á sì di sí kọ̀rọ̀ irun orí àti ọrùn rẹ̀. Dídán tí ó wà lára irú ère bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a rà lọ́jà. Ìfẹ́ ìyá àti ìṣe ojoojúmọ́ ni ó fà á. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Àwọn ilẹ̀kùn, òpó àti ère mìíràn ní tiwọn máa ń gba àwọ̀. Ẹfun ni funfun, osùn ni pupa, ẹlú sì ni aró. Kùnkùn ni à ń kùn wọ́n, a kì í sì í fi ohun tí ó nípọn bí awọ bò wọ́n. Nítorí náà, wọn kì í bó bí pọ́líṣì ti ń bó. Ńṣe ni wọ́n máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀.

Kòkòrò tí ń ṣe pọ́líṣì

Pọ́líṣì tí ó wà lára ọ̀pọ̀ àga àtijọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pọ́líṣì Faransé, ti ara kòkòrò kékeré kan wá ní ilẹ̀ Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká. Orúkọ kòkòrò náà ni Kerria lacca. Ara ẹ̀ka igi ni ó máa ń lẹ̀ mọ́, tí ó sì ń fa omi igi náà mu. Bí ó ti ń mu ún ni ó ń tú oje kan jáde lára, tí oje náà sì ń gan mọ́ ọn lórí bí òrùlé. Àwọn àgbẹ̀ a gé ẹ̀ka náà, wọn a ha oje gbígbẹ náà kúrò, wọn a fọ̀ ọ́ kí àwọ̀ pupa inú rẹ̀ lè jáde, wọn a yọ́ ọ nínú àpò aṣọ lórí iná, wọn a sì nà án títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Èyí ni wọ́n ń kó sínú àpò lọ sí ọjà àgbáyé ní orúkọ ṣẹ́láàkì. Títí di òní, ìpínlẹ̀ Jharkhand ni ó ń pèsè rẹ̀ jù lọ ní Íńdíà.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Nínú Mahabharata, ìtàn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà, àwọn ọ̀tá kọ́ ilé kan fún àwọn ọmọ Pandu, oje kòkòrò yìí ni wọ́n sì fi kọ́ ọ kí iná lè tètè jó o. Èyí fi hàn pé láti ìgbà láéláé ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun tí ń dán yìí fẹ́ràn iná.

Bí a bá da ṣẹ́láàkì sínú omi, kò ní yòrò. Bí a bá dà á sínú sípíríìtì, yóò yòrò pátápátá. Bí a bá fi àdàlù náà kun igi, sípíríìtì yóò fẹ́ lọ, oje náà yóò sì kù lára igi. Àṣírí àtúnṣe rẹ̀ náà nìyẹn: ohun tí sípíríìtì yòrò lẹ́ẹ̀kan, ó lè yòrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kódà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Paris ni wọ́n sọ fífi ṣẹ́láàkì kun àga di iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Wọn kì í lo búrọ́ọ̀ṣì. Òwú tí a fi aṣọ wé bí oṣùṣù ni wọ́n ń lò, wọn a sì máa fi yí po lórí igi, ìpele lórí ìpele, títí ojú tábìlì yóò fi dà bí dígí. Lẹ́yìn tí ogun Napoleon parí ní ọdún 1815, iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé gbogbo ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé.

Ohun kan tún wà tí yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Kì í ṣe àga nìkan ni oje kòkòrò yìí mú dán. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, kí fáínì tó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1948. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ní èdè Yorùbá fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London ní ọdún 1922, irú àwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ ohùn rẹ̀ sí. Ohun tí ó dáàbò bo àga nínú pálọ̀ ni ó gbé ohùn Yorùbá kọjá òkun.

Ọ̀rọ̀ tí ó rìn jìnnà ju igi lọ

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, ẹ dúró díẹ̀ kí á wo àwọn orúkọ yìí, nítorí ìtàn ń bẹ nínú orúkọ.

Lákà wá láti inú lacquer ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé àti àwọn Pọtogí, àwọn Pọtogí gbà á láti inú èdè Lárúbáwá, orírun rẹ̀ sì ni lākh ti àwọn ará Íńdíà, tí í ṣe lākṣā nínú èdè Sanskrit. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú Sanskrit tí ó jọ ọ́, lakṣa, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó so méjèèjì pọ̀ nítorí bí kòkòrò náà ṣe máa ń pọ̀ jaburata lórí ẹ̀ka kan. Yálà ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí àní-àní pé nígbà tí káfíńtà ní Mushin bá ní òun fẹ́ fín lákà, ọ̀rọ̀ Íńdíà ni ó ń sọ lẹ́nu.

Fáníìṣì tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Varnish ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, vernis ni àwọn Faransé ń pè é. Àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ tọ ipa rẹ̀ dé inú èdè Látìnì àti Gíríìkì ayé àárín, èrò tí ó sì múlẹ̀ jù láàárín wọn ni pé láti ara orúkọ ìlú Berenike ni ó ti wá. Ìlú náà wà ní etíkun àríwá Áfíríkà. Òun ni a mọ̀ sí Benghazi ní Líbíà lónìí. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni orúkọ náà ti gbéra kí ó tó lọ sí Yúróòpù, kí ó sì tó tún fi ọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó.

Kì í sì í ṣe orúkọ nìkan ni ó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Fáníìṣì àtijọ́ jẹ́ oje igi tí a sè pọ̀ mọ́ òróró, pàápàá òróró linseed. Ọ̀kan nínú àwọn oje tí wọ́n ń wá kiri ní ọ̀rúndún 19 ni kópà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ láti ara oríṣiríṣi igi, títí kan àwọn tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Daniellia. Kóńgò àti Sierra Leone wà lára àwọn ilẹ̀ tí a mọ̀ fún òwò náà. Oje lọ láti ọ̀dọ̀ wa ní kóńgbálá, ó padà wá nínú agolo pẹ̀lú orúkọ òyìnbó lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn epo pupa àti kòkó yóò ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Èyí tí ọwọ́ onímọ̀ kẹ́míkà ṣe

Lákà tí àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáàní ń lò láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, oje igi gidi ni, orúkọ ni ó kàn pa á pọ̀ mọ́ ti kòkòrò. Ṣùgbọ́n lákà tí káfíńtà wa ń fín kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì tan. Ní ọdún 1846, onímọ̀ kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ Schönbein kéde pé bí a bá rẹ òwú sínú àdàlù ásíìdì, òwú náà yóò di ohun tí ń gbiná bí ẹ̀tù ìbọn. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí ní 1918, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀tù ń wá iṣẹ́ mìíràn tí wọn yóò fi òwú náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọ̀dà tí wọ́n pè ní Duco, tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1923 sí 1924. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sára àga. Ó yá ju ṣẹ́láàkì lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ni a fi ń fín in, ó sì máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ọdún 1937, Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣe àwárí polyurethane. Láti ara rẹ̀ ni fáníìṣì òde òní ti jáde, èyí tí omi kì í tètè ràn, tí ọtí kì í ṣe nǹkan kan fún, tí ìkòkò gbígbóná kò sì tètè fi àmì sí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní ire tí kò ní ibi. Bí irú rẹ̀ bá ti gbẹ tán, kò tún yòrò mọ́. Nígbà tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí bó, bí ike ni ó ń bó.

Bí iṣẹ́ náà ṣe fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa

Àpótí, ìjókòó àti ẹní ni ilé wa mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tábìlì gíga, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga onígbèésẹ̀ bá àwọn tí ó ti òkè òkun padà dé wọlé. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Nàgó ní Bahia ní oṣù kìíní ọdún 1835, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n lé kúrò ní Brazil tàbí tí wọ́n fúnra wọn wá ọ̀nà àtipadà sílé. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní Àgùdà. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà lọ́hùn-ún, àmì ọwọ́ wọn sì kún Èkó, Porto-Novo àti Ouidah. Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn. Láti ọwọ́ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, àti láti ọwọ́ àwọn Sàró pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀bù ìjọba amúnisìn, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti kọ́ bí a ti í ṣe àga. Igi ìrókò, ọ̀gánwó, apá àti afàrá ń bẹ nínú igbó wa, pọ́líṣì sì ń ti òkè òkun wá. Bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe pàdé nìyẹn.

Kí ló dé tí ó fi ń bó?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọ̀rọ̀ tí ó mú wa wá gan-an. Igi kì í kú tán. Bí ó tilẹ̀ ti di àga, ó ṣì ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u jáde. Ní ìgbà òjò, igi a máa wú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, a máa sún kì. Ó máa ń wú ní ìbú, kì í fi bẹ́ẹ̀ wú ní gígùn. Pọ́líṣì tí ó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a lọ bá a bọ̀. Bí ó bá ti gan jù, tàbí tí ó ti nípọn jù, yóò ya, ibi tí ó ya ni omi yóò gbà wọlé, omi náà ni yóò sì ti í sókè láti ìsàlẹ̀.

Àwọn ìdí mìíràn wà. Igi tútù tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó kùn ún yóò lé pọ́líṣì kúrò lára. Ara igi tí òróró tàbí ìda bá wà kò ní jẹ́ kí pọ́líṣì dì mọ́ ọn. Bí káfíńtà bá kun ìpele kejì láì kọ́kọ́ fi bébà ra ti àkọ́kọ́, ìpele méjèèjì kò ní di ara wọn mú. Bí a bá kun ojú tábìlì tí a kò sì kun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rinrin yóò máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Oòrùn tí ń gba ojú fèrèsé wọlé lójoojúmọ́ náà kò gbẹ́yìn. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Bí a kò bá mú ìdí kúrò, àtúnkùn kan kò ní tọ́jọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ń bó ni pọ́líṣì. Ọ̀pọ̀ àga òde òní ni wọ́n fi páálí igi ṣe, tí wọ́n sì lẹ ike tàbí bébà aláwọ̀ igi mọ́ lára. Bí irú èyí bá ń bó, gọ́ọ̀mù ni ó ń fẹ́, kò fẹ́ pọ́líṣì.

Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀, àti bí a ṣe lè tún wọn ṣe

Ẹ wá ibi tí ojú kò tó lára àga náà, bí abẹ́ ìjókòó tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi òwú tí ó ní sípíríìtì díẹ̀ kàn án. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kíákíá, ṣẹ́láàkì ni. Bí sípíríìtì kò bá mú un tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí tínà mú un, lákà olówùú ni. Bí méjèèjì kò bá rí i ṣe, fáníìṣì òróró tí ó ti gan tàbí ti òde òní ni.

Ohun yòówù kí ó jẹ́, ìmọ́tótó ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí ó ní omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, ẹ fi èyí tí omi lásán wà lára rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí a pè ní pọ́líṣì bíbàjẹ́ kò ju èérí ogún ọdún lọ.

Bí ó bá jẹ́ ṣẹ́láàkì, ẹ má ṣe ha á dànù. Ẹ wọn nǹkan bí 120 gíráàmù ṣẹ́láàkì wẹ́wẹ́ sínú lítà 1 sípíríìtì, ẹ dé e pa, ẹ máa mì í lóòrèkóòrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ funfun tí kì í hu irun wé òwú, ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi ra ojú ibi tí ó ń bó fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Tuntun yóò yọ́ wọ inú ti àtijọ́, wọn yóò sì di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tún ra á. Ìpele mẹ́fà tí ó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, nítorí ọ̀rinrin yóò sọ ọ́ di funfun. Ẹ má sì lo èyí tí ó ti wà nínú ìgò láti èṣín: ẹ kán an sórí dígí, bí kò bá gbẹ dáadáa, ó ti kú.

Bí ó bá jẹ́ lákà olówùú, ọ̀nà rẹ̀ fara jọ èyí, nítorí pé lákà tuntun náà máa ń yọ́ wọ inú ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n òórùn tínà le, ó sì yẹ kí á ṣe é ní ìta gbangba.

Bí ó bá jẹ́ ti òde òní tí kì í yòrò, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú jù ṣí ohun tí ó ti gbéra kúrò. Èyí tí ó ṣì di igi mú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi bébà 220 ra etí ibi tí ó bó títí ọwọ́ kò fi ní mọ ààlà rẹ̀ mọ́, ẹ fi 320 tẹ̀ lé e, ẹ nu eruku kúrò, kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ewu mẹ́ta ni kí á yẹra fún. Àkọ́kọ́ ni iná. Sípíríìtì, tínà àti lákà kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibi tí ààrò tàbí àbẹ́là wà. Ìkejì ni àkísà tí a fi òróró linseed rẹ. Bí a bá rún un jọ sí igun kan, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Ìkẹta ni òjé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ni ó ní òjé nínú, májèlé sì ni fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹ má ṣe fi bébà gbígbẹ ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kí eruku rẹ̀ máa fò nínú ilé.

Ní ti ìtọ́jú, kò ṣòro. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń pa á tààrà, ẹ fi nǹkan sábẹ́ ìkòkò gbígbóná àti ife tútù, kí ẹ sì máa fi ìda oyin díẹ̀ ra á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ohun tí kò yẹ kí á bó

Mo ní a ó padà sórí ère ìbejì. Bí ẹnìkan bá rí ère tí osùn ti gan mọ́ lórí, tí ó sì rò pé ìdọ̀tí ni, tí ó wá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn họ ọ́ mọ́ fónífóní, kí ni ó kù? Igi ni ó kù. Ọwọ́ ìyá tí ó gbé e jó kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, tí ó ti agbègbè Allada wá, tí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkójọ Weickmann láti ọdún 1659. Ó lé ní àádọ́ta-dín-nírínwó ọdún tí ara rẹ̀ ti wà bí ó ti wà, àwọn onímọ̀ sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ títí di òní. Ẹ tún wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí ó ṣàfihàn bí ọba náà ṣe gba òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àlejò. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àga lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn dúró sí London. Àmì ọ̀dà ṣì wà lára ilẹ̀kùn náà, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi bébà ha á dànù kí ó lè dà bí tuntun.

Nítorí náà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú ohun àtijọ́ ní òfin kan: má ṣe ohun tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ kò ní lè tú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi fẹ́ràn ṣẹ́láàkì. A lè fi kún un, a sì lè yọ ọ́, igi kò ní mọ̀. Ẹni tí ó bá da fáníìṣì òde òní lé pọ́líṣì àtijọ́ lórí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tí yóò fẹ́ tún un ṣe lọ́la.

Kì í ṣe gbogbo àga ilé ni ó jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àga tí bàbá àgbà jókòó lé gba ìyàwó sílé, tí ibi ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ ti jẹ nítorí ogójì ọdún ìgbọ́wọ́lé, ìwé ìtàn ni fún ìdílé náà. Igi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lónìí pẹ̀lú, nítorí igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti í fi òwú àti ṣẹ́láàkì yí po lórí tábìlì náà sì ti ń ṣọ̀wọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń fín lákà ti gba ọjà. Bí irú àgbà oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà ní àdúgbò yín, ẹ lọ bá a. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ń mọ̀ pé pọ́líṣì ti gbẹ, àti ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́nu wa, ẹnu àwọn tí ń fi ọwọ́ wọn ṣe é ni a ó ti rí ọ̀rọ̀ yòókù.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó ha á. Ire o.